Ìbọn Dákẹ́ Ní Ọ̀wọ̀, Ẹnu Wa Ò Dákẹ́

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí ẹ̀ka ọ̀dọ́ kọ nǹkan lórí ìtàn. Mo kọ́kọ́ rò pé màá kọ nípa àwọn Àwórì tó tẹ ilẹ̀ wa dó. Ìyẹn ṣì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tó ti pẹ́, ó sì kan gbogbo wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn.

Ẹ ó rántí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022. Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ni. Àwọn agbébọn ya bo ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis Xavier ní ìlú Ọ̀wọ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Wọ́n yìnbọn fún àwọn tó wá jọ́sìn, wọ́n sì ju ohun abúgbàù. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà padà sọ pé èèyàn 40 ló kú, àwọn tó fara gbọgbẹ́ sì ju ìyẹn lọ dáadáa. Ọmọdé wà nínú àwọn tó kú. Federal Medical Centre tó wà ní Ọ̀wọ̀ kún, wọ́n ń wá ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kan náà ni wọ́n ṣe ìsìnkú àpapọ̀ fún àwọn òkú. Gómìnà ìgbà yẹn, Rótìmí Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni. Ilé rẹ̀ gan-an ni ogun wọ̀.

Kí ló fà á tí ara gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi bù máṣọ? Nítorí a ti gbà pé ti Maiduguri nirú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ wa ti dá Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní ọdún 2020, a sì rò pé ọwọ́ ti ká a. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó wọ inú ilé.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ohùn kan wọ orí fóònù mi lórí WhatsApp. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀, kò dárúkọ. Ó ní àwọn Hausa tó wà ní Alaba Rago ti kó ìbọn pamọ́ sínú àpò àlùbọ́sà, pé Okokomaiko ló kàn. Mi ò bi ara mi pé ta ni. Mi ò bi ara mi pé báwo ló ṣe mọ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn sì ni ti ẹ̀ka ọ̀dọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ ni o, èmi ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn á rántí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa lé mẹ́ruwà tó máa ń bu omi wá fún wa. Wọ́n da ọmọlanke rẹ̀ dé, wọ́n fọ́ kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, omi ṣàn gba gọ́tà lọ. Mo dúró sẹ́nu géètì, mi ò sọ nǹkan kan. Ìyá mi ló jáde tó pariwo mọ́ wọn pé, "Ṣé òun ló pa wọ́n ní Ọ̀wọ̀ ni?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n kàn túká.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkùnrin náà ò fi wá. Nígbà tó padà, ìyá mi fún mi lówó pé kí n lọ san owó kẹ́ẹ̀gì fún un. Ojú tì mí láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọdún méjì ló ti ń pọnmi fún wa, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. "Mẹ́ruwà" náà la ṣáà ń pè é. Ó gba owó náà, ó dúpẹ́, ó wá fi Yorùbá àjèjì rẹ̀ sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, Borno ni mo ti wá. Wọ́n pa ẹ̀gbọ́n mi méjì lóko. Irú àwọn tó pa yín ní Ọ̀wọ̀ yẹn ló lé mi dé ibí."

Mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí mo pè ní ọ̀tá, ọ̀tá kan náà ló ń lé e.

Mo wá lọ kàwé sí i. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2014, wọ́n ju bọ́ǹbù sí mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú Kano lásìkò ìrun Jímọ̀, wọ́n sì yìnbọn fún àwọn tó ń sá. Àwọn tó kú lé ní 100. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n wà lórí ìrun. Ní ọjọ́ kan náà ní ọdún 2020, ní Zabarmari ní ìpínlẹ̀ Borno, wọ́n pa ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ inú oko ìrẹsì. Ẹ wò ó, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í yan ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà. Ohun tó ń wá ni kí ọmọ aládùúgbò máa wo ara wọn tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù. Èmi sì bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú dátà tí mo fi owó ara mi rà.

Ìlú Èkó ti rí irú èyí rí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ilé ohun ìjà ní bárékè Ìkejà gbaná, bọ́ǹbù ń dún káàkiri. Kò sí ọ̀tá tó kọlù wá lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn, àwọn èèyàn rò pé ogun ti dé, wọ́n ń sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, ọ̀pọ̀ sì kó sínú odò ẹlẹ́rẹ̀ tó wà ní Òkè-Àfà. Àwọn tó kú lápapọ̀ lé ní 1,000, inú omi sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kú sí, kì í ṣe nínú iná. Àwa tí bárékè wà láàárín wa ní Ọ̀jọ́ gbọ́dọ̀ máa rántí èyí. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí Yorùbá àti Hausa fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn ní Ìdí-Àràbà, láti orí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Ìlú tí ẹ̀rù ti bà tẹ́lẹ̀, iná kékeré ti tó o.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Kódìnétọ̀, ṣé ká wá fọwọ́ lẹ́rán ni?" Rárá o. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ àdúgbò. Tí ẹ bá rí ohun tí kò yé yín, ẹ sọ fún CDA, fún ọlọ́pàá, fún àwọn baálẹ̀. Ìdájọ́ náà sì ṣe pàtàkì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àwọn DSS gbé ọkùnrin márùn-ún dé ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá lórí ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀. Àwọn márààrún ní àwọn ò jẹ̀bi. Ilé ẹjọ́ ni yóò wádìí, yóò sì dá a. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí àwọn tó sin ọmọ wọn ti ń dúró kí wọ́n tó rí ìyẹn. A ò gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ nilé ẹjọ́ ń wá. Àwa ní tiwa, ẹni tó sún mọ́ wa jù là ń mú.

Àwọn baba wa náà jìyà kí wọ́n tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ìbàdàn lápá kan, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn lápá kejì, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Àwọn àlùfáà bíi Samuel Johnson àti Charles Phillips ló ń rìn láàárín bùdó méjèèjì, tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí wọ́n ń gbé e bọ̀. Síbẹ̀, ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó kúrò lójú ogun pátápátá. Ọdún méje lẹ́yìn ìwé! Àwọn tó rìn ṣáá láàárín àwọn èèyàn ló mú àlàáfíà wá. Lónìí, Ìjẹ̀ṣà ń fẹ́ ọmọ Ìbàdàn, a sì ń jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó wọn.

Nítorí náà, ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, màá dá nǹkan méjì lábàá. Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má fi ohùn tàbí fídíò tí kò mọ orísun rẹ̀ ránṣẹ́ sí gúrúùpù wa mọ́, kó kọ́kọ́ pe adarí àdúgbò rẹ̀. Èkejì, kí ẹ̀ka ọ̀dọ́ lọ kí àwọn Sẹ́ríkí àti àwọn ọ̀dọ́ Hausa tó wà láàárín wa, ká mọ orúkọ ara wa, ká gba nọ́ńbà ara wa. Tí irọ́ bá dé, ká ní ẹni tí a lè pè.

Ẹ̀yin ará gúrúùpù ìgbà yẹn, ẹ forí jì mí. Mẹ́ruwà wa ṣì ń bu omi fún wa. Mo ti mọ orúkọ rẹ̀ báyìí, àmọ́ ó ní kí n má kọ ọ́ síbí.

Kí Ọlọ́run tu àwọn ará Ọ̀wọ̀ nínú. Kó má jẹ̀ẹ́ ká rírú rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, ní Ìbá àti ní Okokomaiko. Àmín o.