Ta Ló Ni Ọ̀rọ̀ Inú Ṣọ́ọ̀ṣì?

Ọ̀rọ̀ ìtàn alẹ́ Sọ́ńdè. Ohùn mẹ́rin ni. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò tó àti àwọn tí etí ń dùn. Ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ẹ má gé e kúrú.

OHÙN KÌÍNÍ

  Èmi àdímíìnì yín ni, ìyá onítáìlì, láti Kalambaina níbí. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi, tírélà símẹ́ǹtì ni. Láti 1967 ni wọ́n ti ń ṣe símẹ́ǹtì ládùúgbò yìí, n kò lè ní kí wọ́n dúró torí pé mo fẹ́ sọ̀tàn.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí gúrúùpù yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àbúrò wa kan kọ ọ́ síbí pé kí àwa Kristẹni yéé sọ "àdúrà", "àlùfáà" àti "wàásù", pé ọ̀rọ̀ ìmàle ni wọ́n, kí a wẹ èdè wa mọ́. Wákàtí méjì kò pé, Bàbá wa kan tó jẹ́ Alhaji, ẹni tó ti ń gbé Sokoto kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dé, kúrò lórí gúrúùpù. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn jáde ni. Èmi rí ọ̀rọ̀ náà láàárọ̀. Mo ń ka owó ọjà lọ́wọ́, mo ní màá dá sí i tó bá di alẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á.

N kò pa ohun tí àbúrò kọ rẹ́. Mo fẹ́ fi ìtàn dá a lóhùn ni. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kò dé yunifásítì, ṣùgbọ́n mo máa ń kàwé nígbà tí ọjà bá dá. Ọmọ mi obìnrin ló tilẹ̀ fa ọ̀rọ̀ yìí sí mi lọ́kàn. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ìsìn Haúsá, ó dé, ó ní, "Mọ́mì, kí là ń pe haikali ní Yorùbá?" Mo ní tẹ́ḿpìlì. Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe Yorùbá o, Mọ́mì." Ó pa mí lẹ́nu mọ́.

OHÙN KEJÌ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí "ṣọ́ọ̀ṣì" fúnra rẹ̀. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì la ti yá a. Àwọn Haúsá náà yá a, wọ́n ń pè é ní "coci". Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an, ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni tiwọn ti wá: "kyriakon", ìyẹn "ti Olúwa". Bíṣọ́ọ̀bù, Gíríìkì ni: "episkopos", alábòójútó. Kátídírà, Gíríìkì ni: "kathedra", àga. Ṣọ́ọ̀ṣì tí àga bíṣọ́ọ̀bù bá wà ni kátídírà, bí ó ti jẹ́ pé ibi tí àpèrè ọba bá wà la ń pè ní ààfin. Ẹ rí i pé ẹni tó bá ní kí a dá ọ̀rọ̀ tí a yá padà, orí "ṣọ́ọ̀ṣì" ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn Kristẹni ayé àtijọ́ kò ní ilé ìsìn. Inú ilé ara wọn ni wọ́n ti ń pàdé. Ọ̀kan nínú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí wà ní Dura-Europos, lẹ́bàá odò Yúfírétì ní Síríà. Ilé gbígbé ni, tí wọ́n sọ di ibi ìsìn ní nǹkan bí 240. Wọ́n fi yàrá kan ṣe ibi ìrìbọmi, wọ́n sì ya Olùṣọ́-àgùntàn Rere sára ògiri rẹ̀. Àwa tí a bẹ̀rẹ̀ ìjọ ní pálọ̀ ẹnìkan ní Kalambaina níbí, tí a ń gbé àga oníke wọlé gbé e jáde, ojú kò gbọdọ̀ tì wá.

Ní 313, Constantine ọba Róòmù àti Licinius tí wọ́n jọ ń jọba gbà kí àwọn Kristẹni máa sìn ní gbangba. Wọ́n wá nílò ilé ńlá. Wọn kò kọ́ ọ bí ilé òrìṣà àwọn ará Róòmù, nítorí ilé òrìṣà kì í gba èrò, ìta ni èrò máa ń dúró sí. Wọ́n mú àpẹẹrẹ "basilica". Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: gbọ̀ngàn gígùn ni basilica, ibi tí wọ́n ti ń dájọ́, tí wọ́n sì ti ń ná ọjà. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní Gíríìkì ni "ti ọba". Àwa náà ní Ọjà Ọba káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, lẹ́nu ààfin. Nítorí náà kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú rẹ̀. Èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ kàn ni àgbàlá tí wọ́n mọ ògiri yí ká, "atrium" ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀ ni "narthex", èyí tí mo gbà pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ní èdè wa. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń so mọ́ àwọn tí kò tíì ṣèrìbọmi, torí wọn kì í bá àwọn yòókù dúró di àkókò oúnjẹ Olúwa. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbọ̀ngàn ńlá tí ìjọ ń dúró sí. "Nave" lorúkọ rẹ̀, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí ọkọ̀ ojú omi. Ní iwájú pátápátá ni ògiri ti ṣe kọ̀rọ̀dọ̀ bí ìdajì òṣùpá, "apse" nìyẹn. Ẹ̀yin Mùsùlùmí inú wa, ẹ wo ibi tí lèmọ́mù yín ń dúró sí níwájú sàfù, ògiri ibẹ̀ náà máa ń wọnú bẹ́ẹ̀.

Ibi gíga tí wọ́n ti ń ṣe ìsìn ni àwọn Gíríìkì ń pè ní "bema". Ohun tí a fi ẹsẹ̀ gùn ni. Àwa ńkọ́? Pẹpẹ. Pẹpẹ ti wà kí Kristẹni tó dé. Ohun tí a gbé ga, tí a ń to nǹkan sí lórí. Ìyá mi to ìkòkò sórí pẹpẹ, èmi ń to gílúù táìlì sórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì mú un láti inú ilé wa, wọ́n gbé e síwájú Olúwa.

Ẹ dúró ná, kọsítọ́mà dé.

OHÙN KẸTA

Mo ti dé. Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé òrùlé rìbìtì lé ilé onígun mẹ́rin? Ẹ mú páálí, ẹ da igbá dé e lórí. Igbá rìbìtì, páálí ní igun. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ṣí sílẹ̀. Ohun tí àwọn kọ́lékọ́lé Constantinople ṣe ni pé wọ́n mọ nǹkan onígun mẹ́ta tó tẹ̀ kọrọdọ dí igun kọ̀ọ̀kan, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀, ó fẹ̀ lókè. "Pendentive" lorúkọ rẹ̀. Ó ń kó ẹrù òrùlé sọ̀kalẹ̀ sórí òpó ńlá mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni Anthemius àti Isidore ṣe kọ́ Hagia Sophia, Ọgbọ́n Mímọ́, fún ọba Justinian láti 532 sí 537. Ìbú òrùlé yẹn tó mítà 31. Ní 558 apá kan rẹ̀ wó lulẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti mì. Wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì gbé e ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ló mọ̀ ọ́n: Babban Gwani Mikaila fi amọ̀ àti igi azara kọ́ mọ́ṣáláṣí Zaria ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, òrùlé rẹ̀ náà tẹ̀ bí igbá.

Táìlì ni iṣẹ́ tèmi, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ nípa "mosaic". Ègé òkúta àti dígí wẹẹrẹ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ símẹ́ǹtì tútù. "Tessera" ni wọ́n ń pe ègé kan, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún mẹ́rin, nítorí igun rẹ̀. Wọ́n a fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ há àárín dígí méjì. Wọ́n a mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ wọ́, kó má tẹ́jú, kí iná fìtílà lè máa ta lára rẹ̀. Bí oníṣẹ́ mi bá tẹ táìlì wọ́ báyìí, n kò ní sanwó. Ṣùgbọ́n ní San Vitale, ní Ravenna ní Ítálì, tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 547, Justinian àti aya rẹ̀ Theodora ṣì ń dán lára ògiri títí dòní.

Àwòrán yìí dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì "eikon" túmọ̀ sí àwòrán. Láti nǹkan bí 726, ọba Leo Kẹta dìde sí i, wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń kùn ún rẹ́. Ìjà náà rọlẹ̀, ó tún gbérí. Ní 843 ni ọbabìnrin Theodora mìíràn tó dá àwòrán padà. Ẹni tó fi ìwé gbèjà àwòrán jù ni Jòhánù ará Damásíkù. Ìdí tí ọwọ́ ọba kò fi tẹ̀ ẹ́ ni pé abẹ́ ìjọba Mùsùlùmí ló ń gbé, ìdílé rẹ̀ sì ti ṣiṣẹ́ fún àwọn kálífà. Ẹ gbọ́ o: ilẹ̀ Mùsùlùmí ni Kristẹni ti rí àyè kọ ìwé nípa àwòrán inú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìjọ tiwa náà ja ìjà yẹn. Ẹnìkan ya olùṣọ́-àgùntàn sí ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ. Àwọn kan ní ère ni, àwọn kan ní àwòrán ni. Ohun tí a gbẹ́ ni ère, ohun tí a ń wò ni àwòrán, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́. Wọ́n fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́, ọmọkùnrin tó yà á kò sì wá síbẹ̀ mọ́.

OHÙN KẸRIN

Ó kù díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè ọmọ mi. "Haikali" tí Bíbélì Haúsá ń lò, èdè Lárúbáwá ni. Àwọn Kristẹni Íjíbítì, àwọn Kọ́ptì, haikal ni wọ́n ń pe ibi mímọ́ jù lọ tí pẹpẹ wà, lẹ́yìn aṣọ títa. Ọ̀rọ̀ náà wà ní èdè Hébérù fún tẹ́ḿpìlì Sólómọ́nì. Ó sì ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: láti Sumer ló ti wá, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Iraq lónìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ni "ilé ńlá". Mo pe ọmọ mi, mo ní, "Ilé ńlá ni."

"Majami'a", orúkọ mìíràn tí Haúsá ń pe ṣọ́ọ̀ṣì, láti inú Lárúbáwá fún ìpéjọ ni, níbi tí Jímọ̀ náà ti wá. "Ekklesia" àwọn Gíríìkì, ìpéjọ ni. Tiwa ńkọ́? Ìjọ. A jọ wà, a jọ pé.

Wàyí o, àbúrò mi. Ẹ̀sìn Mùsùlùmí dé ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú Kristẹni. Àdúrà, wàásù, àlùfáà, gbogbo wọn ti wà lẹ́nu àwọn bàbá wa. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n lò nínú Bíbélì tí wọ́n parí ní 1884. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ibi tó ti wá. Wọ́n fẹ́ kí ìyá aláta gbọ́ ọ ni. Ìwọ gan-an, "àlàáfíà fún gbogbo wa" lo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ lọ́jọ́ yẹn. Lárúbáwá ni àlàáfíà.

Ilé pàápàá ti pààrọ̀ ọwọ́. Hagia Sophia di mọ́ṣáláṣí ní 1453, ó di mùsíọ́ọ̀mù láyé ìjọba Atatürk, ó tún di mọ́ṣáláṣí ní 2020. Ẹ̀dùn ọkàn wà nínú ìyẹn fún àwọn kan, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nílé wa níbí, kò sí ogun nínú rẹ̀: João da Costa, ará Àgùdà, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894. Mọ́ṣáláṣí ńlá Porto-Novo, bí ẹ bá rí iwájú rẹ̀, ẹ ó ní ṣọ́ọ̀ṣì Brazil ni. Nígbà tí Fadá Kevin Carroll ń kó àwọn agbẹ́gilére jọ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947, ọ̀kan nínú àwọn tó jáde níbẹ̀ ni Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá, Mùsùlùmí. Ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn àti ère fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, ó sì di Alhaji.

Bàbá wa Alhaji, mo mọ̀ pé ẹnìkan á fi ohùn yìí ránṣẹ́ sí yín. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun àsárì, èmi àti àbúrò wa ń bọ̀ nílé yín. Ó ti gbà láti wá, èmi kọ́ ni mo fipá mú un. Bí ẹ bá fẹ́ padà sórí gúrúùpù, inú wa á dùn. Bí ẹ kò bá fẹ́, a ṣì máa wá kí yín.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ má jà lórí ọ̀rọ̀ yìí lálẹ́ òní. Ohun tí mo fẹ́ ni kí kálukú sọ orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti pẹpẹ ní ìlú tirẹ̀. Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà, Ìjẹ̀bú, ẹ fi ohùn sọ ọ́, kí àwọn ọmọ wa tí a bí sí Sokoto gbọ́ bí ó ti ń dún. Ó dàárọ̀ o.