Ògiri Létí: Ìtàn Síìmù, NIN àti Àṣírí Wa

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, àwọn àgbà ní ògiri létí. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, ògiri alámọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn, èyí tí aládùúgbò lè fara tì kí ó gbọ́ ohun tí baálé ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ lóru. Lónìí, fóònù inú àpò wa ti di ògiri, ìjọba sì wà lára àwọn tó lè tẹ́tí sí i.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì pẹ́. Nígbà tí fóònù GSM dé ní 2001, ẹni tó bá lówó lè ra síìmù lẹ́bàá ọ̀nà, kò sẹ́ni tí yóò béèrè orúkọ rẹ̀. Ní 2011 ni àjọ NCC ní kí oníkálukú wá forúkọ sílẹ̀, kí ó ya fọ́tò, kí ó sì tẹ̀ka. Wọn kò fi ṣeré o! Ní 2015 wọ́n bu owó ìtanràn tó lé ní tírílíọ̀nù 1 náírà lé MTN lórí nítorí síìmù tó lé ní mílíọ̀nù 5 tí ìforúkọsílẹ̀ wọn kò yanjú. Lọ́dún kejì ni wọ́n dín in kù sí bílíọ̀nù 330.

Èyí tó kan Lálúpọn gbọ̀ngbọ̀n ni ti oṣù Disẹ́ńbà 2020. Ìjọba ní kí a so NIN mọ́ síìmù láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí àrùn Kòrónà ṣì ń jà. Àwọn ìyá wa fi oko àti ọjà sílẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà Ìyànà Ọ̀fà àti Ìbàdàn lọ tò sórí ìlà. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú títí, kó tó di pé ní ọjọ́ 4 oṣù Éépírì 2022 wọ́n dí síìmù tó lé ní mílíọ̀nù 70 lọ́nà, wọn kò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́.

Nítorí àwọn ajínigbé ni, ni ìjọba wí. A kò lè fọwọ́ rọ́ èyí sẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n bá jí ọmọ rẹ̀ gbé yóò fẹ́ kí a mọ ẹni tó ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń béèrè owó. Àmọ́ ní oṣù Mááṣì 2024, wọ́n ṣì kó àwọn ọmọ iléèwé lọ ní Kuriga, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná.

Abala 37 ìwé òfin 1999 dáàbò bo ilé wa, lẹ́tà wa àti ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lórí fóònù. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 sì ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó bá ẹni sọ̀rọ̀ fún ọdún 2. Ìlànà 2019 ní adájọ́ ni kó fọwọ́ sí i kí wọ́n tó tẹ́tí sí wa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá jẹ́ ti pàjáwìrì, wọ́n lè kọ́kọ́ gbọ́, kí wọ́n tó lọ bá adájọ́ láàrin wákàtí 48. Ta ni yóò mọ̀ bí wọn kò bá lọ? Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà wá.

Ọlọ́hun Ọba kọ ọ̀fíntótó fún wa nínú Súrà Al-Hujuraat, àáyà 12. Àwọn àáfà wa a máa sọ ìtàn Kalifa Umar, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, tó gun ògiri ilé kan lóru, tó bá baálé ibẹ̀ nídìí ọtí. Ọkùnrin náà ní ẹ̀ṣẹ̀ kan ni òun dá, mẹ́ta ni ti Kalifa: ó ṣe ọ̀fíntótó, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kò sì sálámà. Umar fi í sílẹ̀.

Ní oṣù Júùnù 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative kéde pé àwọn kan ń ta NIN àwọn ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 100 náírà péré. Àjọ NIMC ní kò sẹ́ni tó wọ ibi ìpamọ́ òun. Òfin 2023 fún ẹni tí wọ́n bá tú àṣírí rẹ̀ láyè láti fẹjọ́ sun àjọ NDPC ní Àbújá, àti ìyá tó tò sórí ìlà láti Lálúpọn náà.