Ọkọ̀ Rì, Ọkọ̀ Dojú Dé: Èdè Tí A Ó Fi Kọ́ Atukọ̀

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú omi l'Ékòó, gbólóhùn kan náà ni rédíò máa ń gbé jáde: ọkọ̀ rì. Ó lè jẹ́ pé omi ló ń wọnú ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi lọ sísàlẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé èrò ló rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ọkọ̀ fì, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì kọjú sókè. Èkejì yìí kì í ṣe rírì, ọkọ̀ dojú dé ni. Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́. Àwa tí à ń kọ̀wé la pa wọ́n pọ̀. Jíjò àti omi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́n ló ń mú ọkọ̀ rì. Ìjókòó èrò àti bí wọ́n ṣe to ẹrù ló sábà ń mú un dojú dé. Ọkọ̀ pákó tó dojú dé sì sábà máa ń léfòó, èèyàn lè dì í mú títí ìrànwọ́ yóò fi dé. Ẹni tó bá ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ọkọ̀ ti rì yóò fi í sílẹ̀, yóò máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sí èbúté tí agbára rẹ̀ kò ní gbé e dé. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ẹ̀kọ́ ìtukọ̀, kì í ṣe èyí tó bá Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba jù ló yẹ ká mú, bí kò ṣe èyí tó ń sọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ l'Ékòó gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó ń sáré kọjá Kétu àti Mile 12 lójú títì Ìkòròdú lè má rántí pé odò Ògùn ń ṣàn nítòsí ibẹ̀ lọ sínú ọ̀sà, pé ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ ará Àgbóyì ń wọ̀ kí wọ́n tó dé ọjà, àti pé bí omi bá kún, pàápàá nígbà tí wọ́n bá tú omi ìsédò Ọ̀yán sílẹ̀, ọkọ̀ a máa gba àárín ilé kọjá ní Agiliti. Àwọn kan á ní kí la fẹ́ fi Yorùbá ṣe, ṣebí Gẹ̀ẹ́sì ni èdè òkun. Bẹ́ẹ̀ ni, lókun. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Oron ní 1977, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun ló ń kọ́. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ wọn, tí wọ́n fẹnu kò sí ní London ní 1978, yọ ọkọ̀ tí kì í jáde kúrò nínú odò sílẹ̀ gbangba. Ta ni yóò wá kọ́ atukọ̀ Àgbóyì, èdè wo ni yóò sì fi kọ́ ọ? Gẹ̀ẹ́sì òkun pàápàá kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé. Iná jó ọkọ̀ Scandinavian Star lóṣù kẹrin 1990, ó pa èèyàn tó lé ní 150, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ ni kò sì gbọ́ èdè àwọn èrò. Lóṣù kọkànlá 2001, IMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà òkun, fọwọ́ sí àkójọ gbólóhùn kúkúrú tí atukọ̀ yóò máa lò, kí ohun kan má baà ní orúkọ mẹ́ta. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá nílò irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, kò sí ìtìjú fún tiwa.

A kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Nínú Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther ṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀, tó parí ní 1884, ìrìn àjò Pọ́ọ̀lù lójú òkun nìkan ti kún fún ìdákọ̀ró, ìgbòkun àti atukọ̀. Ohun tó kù ni kí a yan ọ̀rọ̀ kan fún ohun kan. Ìdí ọkọ̀, ṣé ẹ̀yìn ni àbí ìsàlẹ̀ tí omi ń dárogún sí? Èrò tèmi ni pé kí ìdí jẹ́ ẹ̀yìn, kí ìsàlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún máa jẹ́ ikùn. Ọ̀tún àti òsì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò tó kọ ẹ̀yìn sí iwájú, ọ̀tún rẹ̀ ni òsì atukọ̀. Bí atukọ̀ bá wá pariwo pé, “Ẹ sún sọ́tùn-ún!”, ìdajì èrò lè sún síbi tí ọkọ̀ ti ń fì tẹ́lẹ̀. Ọ̀tún ọkọ̀ àti òsì ọkọ̀ ló yẹ ká fi kọ́ wọn, kí a sì kun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀: pupa sí òsì, àwọ̀ ewé sí ọ̀tún, bí iná ọkọ̀ òkun ṣe rí káàkiri ayé. Ìlà tí wọ́n ń fà sára ọkọ̀ láti fi òpin ẹrù hàn, tí Samuel Plimsoll jà fún títí tó fi di òfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1876, mo pè é ní ìlà àkómọ. Ẹrù kó mọ níbẹ̀.

Lórí ìmọ́tótó omi, ọ̀rọ̀ tó rọrùn jù ló ń dà wá láàmú: epo. “Má da epo sómi” dára létí, àmọ́ ẹni tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa lè rò pé òun là ń bá wí, kí ẹni tó ń tún ẹ̀ńjìnnì ṣe sì da ọ́ìlì dúdú sódò pẹ̀lú ọkàn balẹ̀, nítorí pé lẹ́nu tiẹ̀, ọ́ìlì kì í ṣe epo. MARPOL, àdéhùn àgbáyé tó ń dènà kí ọkọ̀ máa ba omi òkun jẹ́, gan-an yà wọ́n: epo rọ̀bì àti ohun tó ti ara rẹ̀ wá wà ní Àfikún Kìíní, epo tó ti ara ewéko wá wà ní Èkejì. Kí pátákó èbúté dárúkọ wọn, ọ́ìlì, dísẹ̀lì, bẹntiróòlù. Àwọn tó ní Yorùbá kò lè gbé ìṣirò irú èyí, ẹ gbọ́: ọkọ̀ òkun tó tó 400 tọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ da omi ikùn rẹ̀ sókun bí epo inú rẹ̀ bá ju ìdá 15 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020, imí ọjọ́ inú epo tí ọkọ̀ òkun ń jó kò gbọdọ̀ ju ìdá 0.50 nínú ọgọ́rùn-ún, àfi bí ọkọ̀ bá ní ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín; 3.50 ni tẹ́lẹ̀. Imí ọjọ́ náà ni ọmọdé mọ̀ láti inú ìtàn Sódómù.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ àṣẹ̀dá kì í pẹ́ kú sínú ìwé. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Èdè-Ìperí Yorùbá, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, rẹ́sẹ̀ walẹ̀ nítorí pé olùkọ́ ní iṣẹ́ tí yóò fi í ṣe ní kíláàsì lọ́jọ́ kejì. Ibi tí ọ̀rọ̀ àyálò bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó máa ṣe é. Mo fara mọ́ láífù jákẹ́ẹ̀tì ju “ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà” lọ, torí pé ẹni tó gbọ́ èyí lè gbé e lé itan bí ońdè, kó máa retí kó gbẹ̀mí òun là. Àṣẹ tó tẹ̀lé e ni kó jẹ́ Yorùbá: wọ̀ ọ́, so ó, fà á le. Lóòótọ́, Ègùn, Ìlàjẹ àti Ìjọ́ ń tukọ̀ lórí ọ̀sà yìí pẹ̀lú, ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe àkójọ náà sì gbọ́dọ̀ jókòó tì wọ́n, kó gba ọ̀rọ̀ wọn bí tiwọn bá kúrú jù. Ní ti omi tí ọkọ̀ òkun ń fà sínú kó lè jókòó dáadáa bí kò bá gbẹ́rù, èyí tí àdéhùn 2004 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017 dá lé lórí, “omi ìtẹkọ̀” ni mo ní lọ́wọ́ báyìí, kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ó lè dúró. Kò sí ọkọ̀ Àgbóyì tó ń gbé e.