Ọlọ́run Tó Di Ènìyàn: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Kan Láti Nicaea Dé Ilẹ̀ Yàgbà

Ẹ̀kọ́ pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ di ènìyàn nínú Jésù ará Násárẹ́tì ni òpó tó gbé ìgbàgbọ́ Kristẹni ró, nítorí pé bí a bá yọ ọ́ kúrò, ohun tó kù kò ju ìtàn wòlíì rere kan tí àwọn aláṣẹ Róòmù kàn mọ́ àgbélébùú. Nínú àwọn ìjọ Ifẹ̀-Olúkòtún àti àwọn ìlú Yàgbà yòókù ní Ìpínlẹ̀ Kogi, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu oníwàásù nígbà Kérésìmesì ni pé Ọlọ́run gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀. Gbólóhùn náà dùn ún gbọ́, ó sì rọrùn láti rántí, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀kọ́ náà ń sọ jinlẹ̀ ju wíwọ̀ àti bíbọ́ lọ. Ó ń sọ pé Ọmọ, ẹni tó ti wà pẹ̀lú Baba kí a tó dá ayé, ni obìnrin bí, pé ebi pa á, oorun kùn ún, ó sunkún, ó sì kú, síbẹ̀ tí kò torí ìyẹn ṣíwọ́ jíjẹ́ Ọlọ́run. Nígbà tó sì jí dìde, kò bọ́ ara náà sílẹ̀.

Ìṣòro tí ẹ̀kọ́ yìí bá pàdé nílẹ̀ Yorùbá kì í ṣe pé ó ṣàjèjì, bí kò ṣe pé ó jọ ohun tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ènìyàn lè di òrìṣà, nítorí Ṣàngó jọba ní Ọ̀yọ́ kí ó tó di ẹni tí à ń bọ; ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni ẹ̀kọ́ Kristẹni gbà, nítorí kì í ṣe ènìyàn ló gòkè lọ di Ọlọ́run, Ọlọ́run ló sọ̀ kalẹ̀ di ènìyàn. Àtúnwá náà yàtọ̀ sí i, nítorí Babátúndé tàbí Ìyábọ̀ jẹ́ ẹni ìdílé kan tó padà sínú ìdílé rẹ̀, nígbà tí Jésù kò gbé ayé rí kí Màríà tó lóyún rẹ̀. Òrìṣà tó ń gun elégùn ń fi ẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fi í sílẹ̀, tí elégùn yóò sì padà di ara rẹ̀. Èyí tó jọ ọ́ jù lọ, tó sì tún lè ṣini lọ́nà jù lọ, ni eégún, èyí tí ilẹ̀ Òkun, níbi tí Yàgbà wà, mọ̀ dáadáa: ará ọ̀run kan wá sáàárín àwọn alààyè lábẹ́ aṣọ, ó súre, ó báni wí, a kúnlẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n bí ọdún bá parí, aṣọ náà padà sí ìgbàlẹ̀. Bí ara Jésù bá jẹ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó jìyà lórí àgbélébùú, nítorí a kì í na aṣọ kí ó dun ẹni tí kò sí nínú rẹ̀.

Àwọn Kristẹni ìgbà àkọ́kọ́ ti ní àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ láàárín wọn. Àwọn tí ìwé ìtàn ìjọ ń pè ní Docetist, ìyẹn àwọn tó gbà pé ṣe ni Jésù kàn farahàn bí ẹni pé ó ní ara, rò pé ohun ìtìjú ni kí Ọlọ́run fọwọ́ kan ẹran-ara tó ń rà. Ignatius, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, dojú kọ wọn nínú àwọn lẹ́tà tó kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń mú un lọ sí Róòmù láti lọ pa á. Àlàyé rẹ̀ ni pé bí ìyà Jésù bá jẹ́ àfarahàn lásán, kò sí ìdí kankan tí òun fúnra rẹ̀ fi wà nínú ẹ̀wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ náà tún yí padà ní Alẹkisáńdíríà, ní Íjíbítì, níbi tí àlùfáà kan tó ń jẹ́ Arius ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni pé Ọmọ ga ju gbogbo ẹ̀dá lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀dá ni òun náà. Ọba Constantine pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí Nicaea, tó wà nínú ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, ní 325, wọ́n sì pinnu pé Ọmọ àti Baba jẹ́ ọ̀kan náà ní jíjẹ́ Ọlọ́run. Ẹni tó gbèjà ìpinnu yìí jù lọ ni Athanasius, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, tó di bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà ní 328, tí wọ́n sì lé kúrò lórí oyè ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Nínú ìwé tó kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ó ní ènìyàn dà bí àwòrán ojú ẹnìkan tí ìdọ̀tí ti bò mọ́lẹ̀ lára pákó: a kò ní sọ pákó náà nù, ẹni tí a ya ni yóò tún padà wá jókòó kí a lè tún ojú rẹ̀ yà sórí pákó kan náà. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó dá ènìyàn ní àwòrán ara rẹ̀ nìkan ló lè tún un dá, ó sì gbọ́dọ̀ wá síbi tí pákó náà wà. Àlàyé yìí lágbára ju èyí tí ọ̀pọ̀ oníwàásù ń ṣe lọ, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kìkì nítorí kí Jésù lè rí ara tí yóò fi kú ni ó ṣe di ènìyàn.

Lẹ́yìn tí ìjọ fẹnu kò pé Ọlọ́run ni, ó kù kí ó ṣàlàyé bí ó ti jẹ́ ènìyàn tó. Bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Apollinaris rò pé Jésù ní ara ènìyàn ṣùgbọ́n pé Ọlọ́run ló wà ní ipò ọkàn àti èrò inú rẹ̀. Ìpàdé Konsitantinópù ní 381 kọ èyí, nítorí, gẹ́gẹ́ bí Gregory ará Nazianzus ti tẹnu mọ́ ọn, apá ibi tí Kristi kò bá gbà lára wa ni kò wò sàn. Ní Éfésù ní 431, àríyànjiyàn náà dá lórí bóyá a lè pe Màríà ní ìyá Ọlọ́run. Ó máa ń ya àwọn onígbàgbọ́ tí kì í ṣe Àgùdà lẹ́nu láti gbọ́ pé Ọmọ ni orúkọ náà wà fún ju ìyá lọ: bí ọmọ tí Màríà bí bá jẹ́ Ọlọ́run láti inú oyún, a jẹ́ pé Ọlọ́run ni ó bí. Ìpàdé Chalcedon ní 451 wá fi ọ̀rọ̀ náà sí ibi tí ọ̀pọ̀ ìjọ ṣì dúró sí lónìí, pé ẹnì kan ṣoṣo ni Kristi, tí jíjẹ́ Ọlọ́run àti jíjẹ́ ènìyàn rẹ̀ pé pérépéré, tí ọ̀kan kò gbé èkejì mì, tí a kò sì lè pín wọn níyà. Ìjọ Íjíbítì àti ti Etiópíà kò fara mọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, wọ́n sì yà sọ́tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà gbà pé Ọlọ́run àti ènìyàn ni.

Ẹ̀kọ́ tí Chalcedon sọ yìí, tí àwọn ìjọ Yúróòpù gbé káàkiri ayé, ni ó dé ilẹ̀ Òkun. Ilẹ̀ náà, tó kó Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Búnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀ pọ̀, ti jìyà púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Núpé láti Bídà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, títí Royal Niger Company fi ṣẹ́gun Bídà ní 1897. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n fi jẹ oyè ní 1864, ti dá ibùdó ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, ṣùgbọ́n láti ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà gbà dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ Yàgbà. Ní oṣù Kejìlá 1893, àwọn míṣọ́nnárì mẹ́ta, Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham, gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú èrò láti wọ inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún lọ. Kí ọdún kejì tó parí, Gowans àti Kent ti kú. Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, tí a mọ̀ sí SIM, rí ẹsẹ̀ dúró sí Pàtígì ní 1902, láàárín àwọn Núpé, nígbà tó sì di 1908, Tommie Titcombe, tó wá láti Kánádà, wọ Ẹ̀gbẹ̀, ìlú Yàgbà kan. Àwọn Núpé tí SIM kọ́kọ́ wá kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́. Àwọn Yàgbà ló gbà á.

Bíbélì tí wọ́n ń kà ni Bíbélì Yorùbá tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní 1884, èyí tí èdè rẹ̀ sún mọ́ ti Ọ̀yọ́ ju ti Yàgbà lọ. Títóbi ẹ̀kọ́ náà kò hàn nínú ìwé nìkan. Ìtọ́jú ìbejì, tí wọ́n ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ ní agbègbè náà, wà lára ohun tó mú àwọn obìnrin Ẹ̀gbẹ̀ tẹ́tí sí Titcombe àti ìyàwó rẹ̀, ilé ìwòsàn tí SIM dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1952 sì sọ agbègbè náà di ibi tí aláìsàn ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Iṣẹ́ tó ka ara ènìyàn sí báyìí bá ẹ̀kọ́ náà mu. Ohun tó ṣòro láti dárí jì ni pé àwọn kan náà tó kọ́ni pé Ọlọ́run di Júù, tó sọ èdè ìlú rẹ̀, tó sì jẹun níbi àsè àwọn ará rẹ̀, ni wọ́n sọ fún àwọn tó gbà á gbọ́ pé ìlù àti ìjó ìlú tiwọn gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn Àgùdà gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ní ìhà gúúsù Yàgbà. Níbẹ̀, láti 1947 sí 1954, àlùfáà Kevin Carroll àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA kó àwọn agbẹ́gilére àti àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ, lára wọn Bándélé, ọmọ Aréogun ará Òsì, àti Làmídì Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí láti Ìlá, tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé. Nínú ère ìbí Jésù tí wọ́n ṣe, àwọn amòye láti ìlà-oòrùn di ọba Yorùbá, igi ni a fi gbẹ́ wọn, a sì fi aṣọ, awọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́, bí ọba tó ń lọ kí ọba. Àwọn Kristẹni kan kò fẹ́ kí ọwọ́ tó gbẹ́ ère òrìṣà gbẹ́ ère Jésù. Àtakò tó wúwo jù lè jẹ́ èyí, pé ẹni tó di ènìyàn lótìítọ́ gbọ́dọ̀ ní ìran kan, ìran Jésù sì ni Júù, tí wọ́n dá abẹ́ fún ní ọjọ́ kẹjọ. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò ni ère Ọ̀yẹ́ sọ di Yorùbá, àlejò sì lè ti ibikíbi wá.

Láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, E. Bọ́lájí Ìdòwú, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn tó di olórí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà lẹ́yìn náà, tẹ ìwé jáde ní 1962 lórí Olódùmarè, ó sì tún kọ òmíràn ní 1965 tó fi ṣàríwísí ìjọ Nàìjíríà pé orin rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti èrò rẹ̀ jẹ́ ti òkèèrè. Byang Kato, ọmọ Kwoi ní gúúsù Kàdúná, tó ti ṣe akọ̀wé àgbà ECWA, ìjọ tí SIM bí ní 1954 tí ọ̀pọ̀ ará Yàgbà sì wà nínú rẹ̀, fèsì nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1975. Ó ní èdè, orin àti aṣọ ìjọ lè jẹ́ ti Áfíríkà, ṣùgbọ́n kókó ẹ̀kọ́ kò gbọ́dọ̀ yí padà. Ìbẹ̀rù rẹ̀ tọ̀nà pé bí Kristi bá di ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tó dé ọ̀dọ̀ Olódùmarè, dídi ènìyàn rẹ̀ ti di asán. Ibi tí àlàyé rẹ̀ ti rọ̀ ni pé ó ka aṣọ àti èdè sí ohun tí a lè yà sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára kókó, nígbà tó jẹ́ pé kókó ẹ̀kọ́ yìí ni pé Ọlọ́run kò wá sáyé láìní èdè àti ìlú. Kato kú ní Mombasa ní òpin 1975, kí àríyànjiyàn náà tó gbóná tán. Kwame Bediako, ọmọ Gánà, tún gbé e yẹ̀wò ní 1992, ó sì gbé Ìdòwú àti Kato kalẹ̀ nínú ìwé kan náà pẹ̀lú Justin, Clement, Tatian àti Tertullian, àwọn òǹkọ̀wé Kristẹni ìgbà àkọ́kọ́ tó ti jiyàn ohun kan náà nípa àṣà àwọn Gíríìkì àti ti Róòmù.