Orí Nìkan Kọ́: Ìtàn Àrùn Arán láti Frankfurt dé Ìdíkàn

Bí àgbàlagbà bá ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, tí kò sì dá ọmọ tó bí mọ̀ mọ́, ohun méjì ni a sábà máa ń sọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn kan á ní arán ló ń ṣe é, ọjọ́ ogbó ló kó o dé, kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ pe ìyá náà fúnra rẹ̀ ní àjẹ́. Lójú tèmi, ìtàn kò gbe èyíkéyìí nínú méjèèjì lẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àrùn tí à ń pè ní Alzheimer ni ọ̀rọ̀ iṣan ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkàn àti oúnjẹ sì tẹ̀ lé e.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1901, wọ́n gba obìnrin kan tó ń jẹ́ Auguste Deter sí ilé-ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Frankfurt, ní Jámánì. Ẹni ọdún 51 ni. Dókítà Alois Alzheimer jókòó tì í, ó ń bi í ní ìbéèrè. Ẹran wà lẹ́nu obìnrin náà, ó ní pòtétò ni òun ń jẹ. Nígbà tó kú lọ́dún 1906, Alzheimer yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó sì ròyìn ohun tó rí fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tübingen lóṣù kọkànlá ọdún náà: ìdọ̀tí tó dì láàárín ọpọlọ, àti okùn tíntìntín tó lọ́ mọ́ra wọn nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé ni pé ó tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá inú ọpọlọ náà ti ń le. Ọ̀gá rẹ̀, Emil Kraepelin, ló fi orúkọ rẹ̀ sọ àrùn náà lọ́dún 1910. Àìsàn ọkàn ló pa Alzheimer fúnra rẹ̀ lóṣù kejìlá ọdún 1915. Ẹni ọdún 51 ni òun náà.

Lẹ́yìn ìgbà náà, èrò àwọn dókítà ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n gbà pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tó le ló ń fa gbogbo arán. Ní àwọn ọdún 1960, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Newcastle, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé ìdọ̀tí tí Alzheimer rí wà nínú ọpọlọ ọ̀pọ̀ àgbà tí arán ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ojú ṣe yí sí ọpọlọ, tí wọ́n fi ọkàn sílẹ̀ fún dókítà mìíràn.

Àmọ́ ara kò mọ ìpín yẹn. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ ó ń jẹ nǹkan bí ìdá 20 nínú agbára tí ara ń lò. Ọkàn ló ń fún un ní ẹ̀jẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì ni oúnjẹ rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ jẹ́ ká rí i pé ọpọlọ alárùn Alzheimer kì í lè lo ṣúgà bó ṣe yẹ. Lọ́dún 1993, wọ́n rí i pé jíìnì kan tó ń jẹ́ APOE4 máa ń jẹ́ kí àrùn náà tètè mú ènìyàn. Ọ̀kan pàtàkì lára iṣẹ́ jíìnì APOE sì ni kó máa darí bí ọ̀rá ṣe ń rìn nínú ara. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn pé irú ìdọ̀tí tó wà nínú ọpọlọ àwọn aláìsàn yìí wà nínú iṣan ọkàn wọn pẹ̀lú, ọkàn náà kì í sì í tú dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ lè kún inú rẹ̀.

Ibi tí ìtàn yìí ti kan àwa gan-an ni Ìdíkàn, ní Ìbàdàn. Lọ́dún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntọ́kun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn àgbà tó ti lé ní ọdún 65 lọ, láti ilé dé ilé: Yorùbá ní Ìdíkàn, àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní Indianapolis. Ọ̀ṣúntọ́kun kú lọ́dún 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì sì ń bá iṣẹ́ náà lọ. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2001 ya ayé lẹ́nu. Ní Ìbàdàn, ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà ni àrùn Alzheimer ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún. Ní Indianapolis, ìdá 2.52 ni. APOE4 pọ̀ lára àwọn ará Ìbàdàn, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lórí wọn kò tó ti Amẹ́ríkà. Ohun tó tún yàtọ̀ ni ara: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kéré ní Ìdíkàn ju ti Indianapolis lọ. Àwọn olùṣèwádìí wo ibẹ̀ dáadáa. Nígbà tó di ọdún 2011, wọ́n ròyìn pé láàárín àwọn àgbà Ìbàdàn pàápàá, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ni arán ń mú jù.

Èyí ló ń bà mí lẹ́rù. Ìlú tí wọ́n ṣèwádìí yẹn ti ń yí padà. Ẹ wo Èkó, Àkúrà, Kòtónú àti Dákà: ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà lórí tábìlì gbogbo òde, a kì í fẹsẹ̀ rìn mọ́, kò sì sí ilé tí ẹ ò ti ní gbọ́ ìròyìn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ààbò tí àwọn àgbà Ìdíkàn ní bá wá láti inú ìgbé-ayé wọn, a jẹ́ pé ọwọ́ ara wa la fi ń tú u ká.

Ẹ̀sùn àjẹ́ kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Ní Gambaga, ní àríwá Gánà, àgọ́ kan wà tí àwọn obìnrin tí wọ́n lé kúrò nílùú nítorí ẹ̀sùn yìí ń gbé. Lóṣù keje ọdún 2020, wọ́n lu ìyá àgbà ẹni 90 ọdún pa ní gbangba ní Kafaba, lórílẹ̀-èdè kan náà. Ìlú tó mọ̀ pé iyè lè ra nítorí àìsàn yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó na ìka sí arúgbó tó ń sọ̀rọ̀ kátikàti.

Mi ò sọ pé a ti rí oògùn tó ń wo Alzheimer sàn. Ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019, tó kó àwọn ènìyàn tó lé ní 9,000 mọ́ra, fi hàn pé bí a bá mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ dáadáa, iye àwọn tí iyè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ra máa ń dín kù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò ṣàjèjì sí wa, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n sì wà ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn alábọ́dé. Ohun tí mo ń bẹ àwọn ìjọba wa ni pé kí wọ́n jẹ́ kí wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà di ọ̀fẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ogójì ọdún. Ohun tí mo sì ń bẹ ẹ̀yin òǹkàwé ni pé kí ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí ìyá yín á gbàgbé orúkọ yín, kí ẹ tó mọ iye tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́.