Orúkọ Tí Akọ̀wé Òyìnbó Fi Etí Gbọ́

Ìtòsí ọjà Kútọ̀, ní Abẹ́òkúta, ni mo jókòó sí nígbà tí mo ṣí àkójọ orúkọ kan lórí fóònù mi, tí ariwo àwọn tí ń pe èrò sínú ọkọ̀ sì gba etí mi kan. Orúkọ àwọn ènìyàn tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun ni, iye wọn sì jẹ́ 91,491. Ohun tí mò ń wá kò ju ọ̀rọ̀ kékeré kan nípa Àjàyí Crowther lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ti tẹ "Ojo" sínú àpótí ìwárí, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í tò tẹ̀ lé ara wọn: àgbà, ọ̀dọ́, ọmọdé, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, bí wọ́n ti ga tó, àti orúkọ ọkọ̀ tí ó gbé wọn. Mo gbàgbé ohun tí mo bá wá.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè mọ rírì irú àkójọ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó mọ bí a ṣe kọ ọ́. Ní ọdún 1807 ni àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú láàárín àwọn ènìyàn wọn. Láti ọdún 1808 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn ti ń mú ọkọ̀ ẹrú wá sí Freetown ní Sierra Leone. Nígbà tí ó di 1819, lẹ́yìn àdéhùn pẹ̀lú Sípéènì, Pọtogí àti Nẹ́dálàǹdì, ilé-ẹjọ́ àjùmọ̀ni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Irú rẹ̀ wà ní Havana ní Kúbà pẹ̀lú. Akọ̀wé a pe àwọn tí a kó wá níkọ̀ọ̀kan, a fún wọn ní nọ́ńbà, a sì kọ orúkọ, ọjọ́ orí, gíga àti àmì ara wọn sílẹ̀. Ẹ̀dà kan dúró sí Freetown, èkejì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tiwa yìí ni àwọn onímọ̀ tí David Eltis ti Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà darí wá da àwọn ìwé náà kọ sínú kọ̀ǹpútà, a sì lè kà á lónìí lórí ojúlé SlaveVoyages.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé ẹ̀rọ nìkan kò lè parí iṣẹ́ náà. Wọ́n ní láti ké sí àwọn tí ń sọ èdè ilẹ̀ Áfíríkà pé kí wọ́n wá tẹ́tí sí bí a ṣe pe orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ èdè tí ó ni ín. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀. Ó gbọ́ ohun tí ó lè gbọ́, ó sì kọ ọ́ bí ẹni ń kọ orúkọ ará Lọ́ńdọ̀nù. Bí ó bá kọ "Oke", ṣé Òkè tí a bí nínú àpò ni, tàbí ọmọ Igbo tí ń jẹ́ Oke? Ẹni tí ó gbọ́ èdè ni yóò wo èbúté tí ọkọ̀ ti gbéra àti àwọn orúkọ tí ó yí i ká, kí ó tó dájọ́.

Ìwé náà kò sọ ìlú ọmọ, kò sọ baba rẹ̀, kò sọ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí akọ̀wé kọ "Ojo" sílẹ̀, ó ti kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀: pé ọmọ yìí gbé ìwọ́ kọ́rùn wá sáyé. Bí ó bá kọ "Ige", ẹsẹ̀ ni ọmọ náà kọ́kọ́ yọ. Bí ó bá kọ "Ajayi", ó dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i. Àwọn agbẹ̀bí nìkan ni wọ́n rí nǹkan wọ̀nyí, nínú yàrá kan ní ìlú tí ogun ti jó kanlẹ̀, síbẹ̀ ó wà nínú ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì títí di òní. N kò tíì rí ẹ̀kọ́ orúkọ àmútọ̀runwá nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wa tí ó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Ìtàn Àjàyí Crowther fúnra rẹ̀ mọ́ àwọn olùkọ́ lára. Ní ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Ọ̀ṣóògùn; ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ Esperanza Feliz gbé e kúrò ní Èkó, tí ọkọ̀ ogun Myrmidon sì gbà á. Nígbà tí a ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, wọ́n sọ ọ́ ní Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ṣì fi Àjàyí pa mọ́ sáàárín méjèèjì.

Ṣé a wá lè pe iṣẹ́ ilé-ẹjọ́ náà ní ìdájọ́ òdodo? Lójú tèmi, ààbọ̀ ni. Ọkọ̀ ni wọ́n dá lẹ́bi. Àwọn ọmọ ogun ojú omi gba owó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ẹni tí a gbà sílẹ̀ kò gba nǹkan kan fún ohun tí ojú rẹ̀ rí. A fi àwọn ọmọdé sábẹ́ ọ̀gá láti ṣiṣẹ́, a kó àwọn géńdé kan sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìwọ̀-oòrùn Íńdíìsì, a sì pín àwọn yòókù sí abúléko. Ilé-ẹjọ́ kò dá wọn padà sílé.

Àwọn fúnra wọn ni wọ́n wá ọ̀nà ilé. Ní Freetown, níbi tí a ti ń pe ọmọ Yorùbá ní Akú nítorí ìkíni wọn, àwọn oníṣòwò wọn dá owó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ ẹrú tí ilé-ẹjọ́ gbẹ́sẹ̀ lé tí ó sì fi gbàǹjo tà, wọ́n sì wọ̀ ọ́ wá sí Àgbádárìgì láti nǹkan bí 1839. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà! Láti ibẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá ti rìn dé Abẹ́òkúta, ìlú tí wọn kò mọ̀ rí, nítorí 1830 ni a tẹ̀ ẹ́ dó. Nígbà tí Henry Townsend dé ọ̀dọ̀ Ṣódẹkẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1843, ọmọ Ẹ̀gbá kan tí ó ti ìdè bọ́ ni ó bá a wá, Andrew Wilhelm, tí orúkọ ilé rẹ̀ ń jẹ́ Desalu. N kò fi àmì sórí orúkọ yẹn; bí àwọn akọ̀wé ṣe fi í lé wa lọ́wọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí ó máa ń ká wa lẹ́nu kò. Ìwé ilé-ẹjọ́ kọ orúkọ ọkọ̀ àti ti ọ̀gá ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò kọ orúkọ ẹni tí ó mú ọmọ náà lójú ogun, tàbí ẹni tí ó tà á lọ́jà. Ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n. Abẹ́òkúta pàápàá, tí ó jẹ́ ibi ìsádi, ṣì ní ẹrú nínú ilé lẹ́yìn tí àwọn Sàró ti padà dé, àwọn kan nínú àwọn Sàró náà sì ní in. Bí a bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn yìí, kí a má ṣe fi òyìnbó nìkan kún un.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta yìí, Àjàyí tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, tí wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Afala ni ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Orúkọ yẹn kò sí lára àwọn 91,491, nítorí a kò gbé e wọ ọkọ̀ òkun. Ọmọ rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀.