Òṣómàáló: Orúkọ Kan, Ilé Méjì

Oríkì ni 'Òṣómàáló', orúkọ tí a fi ń pe àwọn Ìjẹ̀ṣà, létí ọmọ tó dàgbà sí Iléṣà. Ìkìlọ̀ ni létí ọmọ tó dàgbà sí ìlú mìíràn: àwọn wọ̀nyẹn le, owó ni wọ́n mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ilé tí wọ́n ti gbọ́ ọ ló yàtọ̀. Èrò mi ni pé ilé kì í sábà jókòó kọ́ ọmọ ní ẹ̀tanú. Orúkọ ni ilé ń fi lé e lọ́wọ́, lẹ́yìn tí ìdí orúkọ náà ti di ìgbàgbé.

Ìdí ọ̀hún kò sì fara sin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ń kiri aṣọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń tà á láwìn. Àgbẹ̀ kòkó kì í rówó títí ìkórè yóò fi dé. Bí kò bá sí àwìn, kò ní raṣọ. Bí àsìkò bá tó, aláṣọ á padà wá, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣòó ni òun máa ló títí òun ó fi gbowó òun. Onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, J.D.Y. Peel, sọ̀rọ̀ nípa òwò yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn Ìjẹ̀ṣà, tó jáde ní 1983. Ẹni tó fi ọjà sílẹ̀ fún àlejò, tó sì dúró de owó rẹ̀ títí di ìgbà ìkórè, ó fọkàn tán ènìyàn, ó sì ní sùúrù. Ọgbọ́n òwò ni ìlóṣòó yẹn, kì í ṣe ìwà àbínibí.

Aláṣọ ti lọ, orúkọ ló kù. Ọmọ tí kò rí aláṣọ rí wá sọ ọ́ di ìwà. Bí Ìjẹ̀ṣà bá béèrè owó rẹ̀, wọ́n á ní, 'Ẹ ò rí i?' Bí ẹlòmíràn bá béèrè tirẹ̀, wọ́n á ní wọ́n kúkú jẹ ẹ́ lówó.

Àwọn kan á ní ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Mo gbà, títí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yóò fi délẹ̀. Nígbà tí ẹbí bá ń ṣèwádìí àna, ẹ̀fẹ̀ ìgbà èwe yẹn ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ bí ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni 'kòbokòbo' tí a fi ń pe ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá: ọmọ lè ti mọ̀ ọ́n sọ kó tó bá ọ̀kan nínú wọn ṣeré.

Kékeré ni ẹ̀tanú sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Kenneth àti Mamie Clark, tọkọtaya onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi ọmọláńgidi dúdú àti funfun han àwọn ọmọ adúláwọ̀ 253, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 3 sí 7. Nínú àbájáde tó jáde ní 1947, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló fẹ́ fi ti funfun ṣeré. Kì í ṣe ilé nìkan ló fa èyí, nítorí òfin àti àṣà ìlú náà ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n òfin kò sí lọ́wọ́ òbí. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọmọ yín bá bi yín léèrè ìdí tí wọ́n fi ń pe Ìjẹ̀ṣà ní Òṣómàáló, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìtàn aṣọ, àwìn àti kòkó fún un.